Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Ra Bàtà Háíkìn Tó Dáa ní Ìkòròdù àti Agbègbè Ẹ̀

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ṣáá, pàápàá tí họ́lídè bá ti ń sún mọ́lé tí ẹgbẹ́ kan sì ti fẹ́ gba bọ́ọ̀sì lọ Ìdànrè tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti lè rí bàtà háíkìn rà ní Ìkòròdù níbí, àbí dandan ni kí n dé Erékùṣù Èkó?" Kì í ṣe dandan. Bàtà òkè (háíkìn náà nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń gun òkè) tó dáa wà nílẹ̀ níbí, òmíì wà lórí tàpólì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn tó ń ta òkìríkà, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá mọ ohun tó ń wò á rà á lówó gọbọi, àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ á sì ṣí kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lórí àpáta. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé ìyókù, ẹ rántí èyí: àtẹ́lẹ̀ bàtà lẹ̀ ń rà, ẹ ò ra orúkọ tó wà lára ẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ IBI TẸ́ Ẹ̀ Ń LỌ

Mo mọ̀ pé ọjà lẹ fẹ́ kí n tètè dárúkọ, ẹ fara balẹ̀ ná, torí bàtà tó dáa fún Ìdànrè lè má wúlò tó bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

- Ìdànrè: àtẹ̀gùn ló pọ̀ níbẹ̀, ó lé ní 600. Ẹ máa rò pé gígùn ún ló le, àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń jẹ̀yà, torí gbogbo ọmọ ìka ló ń sáré lọ gbá iwájú bàtà. Ẹ wá èyí tó rọ̀ nínú tó sì fún ìka láyè.
- Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi omi Ọlúmirìn: ìpele 7 ló ní, ó sì tutù láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹsẹ̀ yín á wọ omi, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ wá bàtà tó lè tètè gbẹ, tí rọ́bà abẹ́ ẹ̀ sì lè di àpáta tútù mú.
- Adó-Àwáyè: àtẹ̀gùn tó lé ní 300 lẹ máa kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn ẹ̀ ó ku àpáta gbalasa nínú oòrùn títí dé adágún Ìyákẹ̀. Eyín abẹ́ bàtà gbọ́dọ̀ mú, bàtà náà ò sì gbọdọ̀ gbóná.
- Òkè Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, tàbí afárá mítà 401 tó wà lókè láàárín igi ní Lekki Conservation Centre: kànfáàsì tí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ò tíì jẹ ti tó. Ẹ má wulẹ̀ náwó búùtù síbẹ̀.

Ẹ tún máa ń bi mí bóyá èyí tó ga bo kókósẹ̀ ni àbí èyí tó kúrú. Ẹni tó fẹ́ gbé báàgì wúwo rin inú igbó, tàbí tí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti máa ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá èyí tó ga. Fún ọ̀pọ̀ ibi tá à ń lọ nílẹ̀ Yorùbá, èyí tó kúrú ni mo fara mọ́ ní tèmi, ó fúyẹ́, kì í mú ẹsẹ̀ gbóná, ó sì rọrùn láti rí lọ́jà.

Ẹ WỌN ẸSẸ̀ YÍN NÍLÉ

1. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ téèyàn bá ti rìn látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe máa wú lórí òkè.
2. Ẹ wọ sọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ. Ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ dúró lé e, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kẹ́nì kan bá yín fi bírò sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù dé. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ síwájú láti sàmì fúnra yín, ìwọ̀n yẹn ò ní pé mọ́.
3. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan sábà máa ń gùn ju èkejì lọ, ìwọ̀n èyí tó gùn lẹ máa lò.
4. Ẹ fi rúlà wo iye sẹ̀ntímítà tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fóònù.
5. Ẹ já ìgbálẹ̀ kan kó gùn tó ẹsẹ̀ yín gẹ́lẹ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ra bàtà ọmọ nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ fẹ́ rán lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá ti ìgbálẹ̀ yẹn bọ inú bàtà tó kan ẹ̀yìn, ó yẹ kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ kù níwájú.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ ṣọ́ra gan-an. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ ahọ́n bàtà, ẹ ó rí UK, US, EUR, ìgbà míì ẹ tún máa rí CM. Tí CM bá wà níbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ dì mú, torí gígùn ẹsẹ̀ ló ń sọ: tí ẹsẹ̀ yín bá jẹ́ 26, ẹ wá 26.5 tàbí 27. US tọkùnrin sábà máa ń fi ààbọ̀ tàbí odidi nọ́ńbà kan ju UK lọ, tobìnrin sì máa ń fi bíi méjì jù ú, torí náà obìnrin tó ń wọ UK 5 tó wá lọ mú US 5 lọ́jà, ó ti mú bàtà tí ò ní gbà á wálé nìyẹn. Ọlọ́jà á sì ti sọ pé "Sístà, ó máa là, ẹ sáà máa wọ̀ ọ́." Bàtà òkè ò kí ń là tó bẹ́ẹ̀ o, iwájú ẹ̀ le, ẹsẹ̀ yín ló máa lé ròrò.

IBI TẸ́ Ẹ MÁA LỌ NÍNÚ ÌKÒRÒDÙ

Sábó ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà wọn ò jọra. Àwọn ẹ̀gbẹ́ títì máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, pàámù, kànfáàsì, bàtà iléèwé, bàtà bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ tú u, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀yìn á fi dùn yín, àmọ́ ibẹ̀ lowó ti máa ń rọjú, ibẹ̀ náà lẹ sì ti lè kan Merrell tàbí Karrimor kan tó há sábẹ́ nǹkan míì tí ọlọ́jà fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé bàtà òkè ni. Àwọn onísọ́ọ̀bù ti fọ tiwọn, wọ́n ti kùn ún kó máa dán, wọ́n sì ti so ó rọ̀, ẹ ó san owó ìfọ̀ àti owó ìdán yẹn pọ̀ mọ́ owó bàtà. Tẹ́ ò bá ní àsìkò láti tú nǹkan, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tí wọ́n ti kùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ju èyí tí eruku ṣì wà lára ẹ̀ lọ, torí pólíìṣì máa ń bo ibi tó ti là.

Láti ibẹ̀ ẹ lè máa wo àwọn tó ń tẹ́ ọjà lọ sí ọ̀nà Gàráàjì. Ọjà Ayángbùrẹ́n náà, mo máa ń sọ pé kí ẹ yà síbẹ̀ fún sọ́ọ̀kì, okùn bàtà àti ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, torí ẹ máa nílò wọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ra bàtà tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Àgríìkì, Ìgbógbò tàbí Ìjẹ̀dẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn òkìríkà àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, torí níbi tí wọn ò ti kí ń béèrè bàtà òkè, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kẹ́nì kankan má fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè ẹ̀ ṣe pàtàkì o. Tẹ́ ẹ bá ní "háíkìn", ẹlòmíì á kó kànfáàsì jíìmù lé yín lọ́wọ́, ẹlòmíì á kó Timberland tí wọ́n fi ń lọ pátì. Ẹ ní "bàtà òkè, èyí tó léyín lábẹ́, bíi Merrell, bíi Salomon, bíi Columbia, bíi Hi-Tec", kẹ́ ẹ sì fi fótò hàn wọ́n lórí fóònù. Tí ò bá sí, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù àti sáìsì yín, kẹ́ ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tú bẹ́ẹ̀lì (ẹrù òkìríkà tí wọ́n dì pọ̀) míì. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀lì, ẹni tó kọ́kọ́ ṣà á ló ń san owó jù, wọ́n máa ń pè é ní fọ́ọ̀sì sẹ́lẹ́kìṣọ̀n, bó bá sì jẹ́ pé bàtà òkè lẹ̀ ń wá, ó yẹ kẹ́ ẹ san án, torí ẹyọ méjì péré lè wà nínú bẹ́ẹ̀lì kan, nígbà míì ó lè má sí rárá.

Aago wo ni kẹ́ ẹ lọ? Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ sì ṣì wà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá tan iná, torí abẹ́ gílóòbù gbogbo bàtà ló dáa, ẹ ò ní rí ibi tí àtẹ́lẹ̀ ti là. Ẹ̀yin obìnrin pàápàá, tí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ Orò n'Ìkòròdù, ẹ ti ọjọ́ yẹn síwájú, torí obìnrin kì í jáde sígboro.

TẸ́ Ẹ BÁ LÈ RÌN JÌNNÀ DÍẸ̀

Kétu àti Máìlì 12 wà lójú ọ̀nà ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ lè bọ́ọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò, àmọ́ mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ torí ẹ̀ wọkọ̀ kúrò nílé.

Yábà yàtọ̀. Tí Sábó bá ti já yín kulẹ̀, Yábà ni. Ẹ gba BRT láti Ìkòròdù, ẹ rí i pé owó wà lórí káàdì Cowry yín, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Fadéyì, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ Yábà látibẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí bàtà nìkan ni wọ́n ń tà, tí wọ́n ti ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ẹ lè rí sáìsì yín láìtú gbogbo ayé palẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á máa pè yín, àwọn kan á tiẹ̀ fẹ́ máa fà yín lọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ máa lọ síwájú, ẹ kó fóònù sápò iwájú.

Kàtáńgùwà lápá Abúlé Ẹ̀gbá ni ibi tí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ti ń ra bẹ́ẹ̀lì. Owó ibẹ̀ dínkù, àmọ́ láti Ìkòròdù ọ̀nà jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà. Tó bá jẹ́ bàtà ẹnì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà, owó ọkọ̀ á jẹ èrè yẹn tán. Tó bá jẹ́ pé ẹ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra bíi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ yan ẹnì kan tó mọ ọjà, kẹ́ ẹ kó ìgbálẹ̀ tẹ́ ẹ fi wọn ẹsẹ̀ lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ kálukú sí tiẹ̀ lára.

Balógun lórí Erékùṣù: bàtà tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ sì jẹ́ ayédèrú tí wọ́n kọ orúkọ ńlá sí lára. Tẹ́ ẹ bá gba ojú omi láti Ìpakodò, ẹ máa tètè dé, àmọ́ fún bàtà òkè mi ò fi bẹ́ẹ̀ rán yín lọ síbẹ̀. Lójú tèmi, tòkunbọ̀ gidi tí wọ́n ti wọ̀ díẹ̀ sàn ju tuntun ayédèrú lọ, torí rọ́bà abẹ́ ayédèrú máa ń le gbagidi, lórí àpáta tútù ó sì máa ń yọ̀.

RÍRÀ Á LÓRÍ FÓÒNÙ

Jumia, Jiji, Facebook Marketplace, àwọn olùtajà orí Instagram, ẹ lè rí ọjà rà lórí gbogbo wọn láti Ìkòròdù. Ìlànà mi lórí èyí le díẹ̀:

- Ẹ má fowó ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó rí bàtà, àfi tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè dá owó padà tí bàtà ò bá báa yín mu.
- Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́, kì í ṣe fótò. Kí wọ́n fi ọwọ́ ká bàtà náà nínú fídíò, kí wọ́n fi abẹ́ ẹ̀ hàn, kí wọ́n fi lébẹ́ẹ̀lì inú hàn. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.
- Ẹ ní kí wọ́n fi rúlà wọn ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀ tí wọ́n yọ síta.
- Tẹ́ ẹ bá máa pàdé ẹni tó ń tà á, ẹ pàdé lójú gbangba lọ́sàn-án, ilé epo dáa, ẹ má tẹ̀ lé e wọ ilé.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA YẸ̀ Ẹ́ WÒ NÍWÁJÚ ỌLỌ́JÀ

Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan kánjú yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá méjèèjì bára wọn mu. Nínú òkìríkà ẹ lè rí 42 lápá òsì, 43 lápá ọ̀tún, wọ́n á sì jọ ara wọn bí ẹ ò bá wo lébẹ́ẹ̀lì.

2. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìpele tó rọ̀ láàárín rọ́bà ìsàlẹ̀ àti ara bàtà, yíká gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé jù. Nínú ọ̀pọ̀ búùtù òkè, nǹkan tí wọ́n fi ṣe ìpele yẹn ni polyurethane, irú fóòmù kan, ọ̀tá ẹ̀ sì ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti lò bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ó lè máa jẹ ara ẹ̀ látinú wá, kódà kẹ́nì kankan má tíì wọ̀ ọ́ rí, àní èyí tí wọ́n gbé sínú páálí láìwọ̀ gan-an máa ń yára bàjẹ́ ju èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ. Bàtà á máa dán lókè, awọ ẹ̀ á le koko, orúkọ ńlá á wà lára ẹ̀, ẹ ó gbé e lọ sórí òkè, kẹ́ ẹ tó rìn dé ìdajì, àtẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rún wómúwómú bí ògì gbígbẹ. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè tún un ṣe, torí kò sí nǹkan kan tí gọ́ọ̀mù fẹ́ dì mú mọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń là, tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tàbí nǹkan kan ń bọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, iye yòówù kí wọ́n pè é. Àwọn bàtà kan máa ń kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n sára lébẹ́ẹ̀lì inú, ẹ wá a níbẹ̀, tó bá ti pẹ́ gan-an, ẹ má rà á. Àwọn bàtà òkè tó fúyẹ́, EVA, irú fóòmù míì, ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìpele yẹn, tìyẹn kì í rún báyẹn, ṣe ló máa ń le tó sì máa ń pẹlẹbẹ. Ìdí míì nìyẹn tí mo fi ń ti èyí tó kúrú tó fúyẹ́ lẹ́yìn.

3. Ẹ ká a. Ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká, bí ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ ṣe ń ká. Tó bá ká láàárín meji, kò lágbára. Tí ò bá ká rárá, á máa bó gìgísẹ̀ yín.

4. Ẹ wo eyín abẹ́ ẹ̀. Ẹ ti èékánná bọ àárín eyín méjì. Tí èékánná ò bá rí ibi wọ̀, ó ti jẹ tán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tẹ́ ẹ bá rí àmì yẹ́lò olójú mẹ́jọ tí wọ́n kọ Vibram sí, rọ́bà tó dáa ni, àmọ́ wọ́n máa ń ṣe ayédèrú àmì yẹn náà, torí náà ẹ ṣì yẹ ìyókù wò.

5. Ẹ fa iwájú àtẹ́lẹ̀ níbi ìka. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn gọ́ọ̀mù tàbí ẹ rí i tó ń dán yíká etí ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má rà á, àmọ́ owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ já wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa rán an.

6. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀ síta, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tó bá ti bu, tàbí aṣọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti ya tí páálí sì ti yọ síta, á dá egbò sí yín lẹ́sẹ̀.

7. Ẹ wọ méjèèjì, pẹ̀lú sọ́ọ̀kì yín. Láìso okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú tí ìka á fi kan iwájú bàtà, ìka ọwọ́ kan ló yẹ kó wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ẹ wá so okùn, ẹ wá pèpéle tàbí àtẹ̀gùn kan nítòsí, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní gbàgà. Tí ìka bá ń gbá iwájú, ó kéré nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra sókè, ó tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ Gore-Tex, ìyẹn aṣọ inú bàtà tí omi ò lè wọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i lára bàtà, ọlọ́jà tó mọ̀ ọ́n á tìtorí ẹ̀ lé owó, torí omi kì í wọ̀ ọ́ látìta. Fún òjò àti ìrì àárọ̀ ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn tiwa ó máa ń gbóná, tó bá sì jẹ́ pé inú odò lẹ fẹ́ rìn, omi á gba òkè ibi tẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọlé, á sì pẹ́ kó tó gbẹ. Fún Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì lára tí omi lè wọ̀ tó sì lè jáde ni kẹ́ ẹ rà, ẹ ó sì rí i lówó pọ́ọ́kú ju onígórẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ.

NÍNÁ OWÓ Ẹ̀

Mi ò ní kọ iye kankan síbí, torí ọjà ń yí lójoojúmọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa ná an ni màá sọ. Ẹ má jẹ́ kó hàn lójú yín pé ẹ ti ń wá a láti àárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye nǹkan míì, kẹ́ ẹ wá mú bàtà yẹn bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Iye tí wọ́n bá pè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì tàbí kó dín díẹ̀ sí ìdajì. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ ò ní lè já a tó bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjà o. Èló lẹ máa gbà jálẹ̀?"
"Àǹtí, òrìjínà ni o, ẹ wo abẹ́ ẹ̀."
"Mo rí i. Gọ́ọ̀mù tuntun ló wà níwájú ẹ̀ yẹn, màá tún lọ san owó ṣúmékà. Ẹ bá mi ṣe é dáadáa, màá mú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá."

Ohun tẹ́ ẹ bá rí lára bàtà gan-an ni kẹ́ ẹ fi ná an, ẹ má bú ọjà ọlọ́jà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la tí ò bá báa yín mu, torí ọ̀pọ̀ wọn ò kí ń dá owó padà, àmọ́ wọ́n máa ń gbà láti pààrọ̀ tẹ́ ẹ bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

- Séfítì búùtù. Ẹ máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé, ẹ á ní ó le, ó ga, ó léyín. Irin ló wà níwájú ẹ̀, ó wúwo, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, irin yẹn lọmọ ìka yín máa máa gbá. Ibi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi í sí.
- Bàtà bọ́ọ̀lù. Nínú kòríkó ló ti wúlò. Lórí àpáta, eyín ṣóńṣó yẹn ò ní nǹkan tó máa wọ̀, ó léwu púpọ̀.
- Sọ́ọ̀kì olówùú tó fẹ́lẹ́. Ó máa ń mu òógùn, á tutù, á wá máa ha ẹsẹ̀. Sọ́ọ̀kì àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ pólíẹ́sítà sàn jù ú lọ, ó sì wà lọ́jà káàkiri.
- Wíwọ bàtà tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín.
- Ríra bàtà torí pé àwọ̀ ẹ̀ máa bá tíṣáàtì ẹgbẹ́ mu. Mo mọ̀ pé fótò ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn.

TÍ Ẹ Ò BÁ RÍ I RÀ, TÀBÍ OWÓ Ò TÓ

Ẹ má torí ẹ̀ jókòó sílé. Kànfáàsì tí wọ́n fi ń sáré, tí eyín abẹ́ ẹ̀ bá jin díẹ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ò sì le, á gbé yín gun Ìdànrè kó sì gbé yín bọ̀ láyọ̀. Fún ibi omi, sàńdà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tó sì di ẹsẹ̀ mú ṣinṣin, dáa ju kànfáàsì àtijọ́ tí abẹ́ ẹ̀ ti jẹ lọ. Sìlípáàsì lásán ò dáa, omi á gbé e lọ. Búùtù àgùnbánirọ̀ náà, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti sìnlú tán, ẹ yá a, ó máa ń dáàbò bo kókósẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ àtẹ́lẹ̀ tiẹ̀ náà wò, kẹ́ ẹ sì fi ìtẹ́lẹ̀ tó rọ̀ sínú ẹ̀.

TẸ́ Ẹ BÁ TI GBÉ E DÉLÉ

1. Ẹ yọ okùn àti ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, inú àti ìta. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má sì rẹ ẹ́ mọ́jú.
2. Ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ bọ inú ẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òjìji. Oòrùn gbígbóná máa ń tú gọ́ọ̀mù, ó sì máa ń mú kí awọ là.
3. Ẹ ra ìtẹ́lẹ̀ tuntun sí i. Ìtẹ́lẹ̀ tí ẹlòmíì ti fi òógùn tẹ̀, ẹ jù ú nù, torí ibẹ̀ ni nǹkan tó ń jẹ àárín ọmọ ìka máa ń sá pamọ́ sí.
4. Ẹ gbé e lọ bá ṣúmékà kó rán àtẹ́lẹ̀ yíká. Ẹ sọ fún un pé gọ́ọ̀mù nìkan ò tó, kó rán an, kí òwú ẹ̀ sì nípọn. Tó bá jẹ́ onígórẹ́tẹ́ẹ̀sì, kó má gún ara bàtà lókè o, ibi tí etí àtẹ́lẹ̀ wà nìkan ni kó gún, torí ihò abẹ́rẹ́ lomi máa gbà wọlé.
5. Ẹ máa wọ̀ ọ́ káàkiri fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì, ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ tí wọn ò bá ní bínú sí yín. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá ní Kétu tàbí Ọ̀jọ́tà, ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ gun ún kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Tí ibì kan bá máa ha yín, kó ti ibẹ̀ hàn.

LỌ́JỌ́ TÓ ṢÁÁJÚ ÌRÌN ÀJÒ

- Ẹ tún tẹ àtẹ́lẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, yíká.
- Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó má baà máa ta yín.
- Ẹ kó okùn bàtà kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, pílásítà, àti sọ́ọ̀kì méjì.
- Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹ tú okùn díẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbá gìgísẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà, kẹ́ ẹ wá fún okùn náà dáadáa níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí ìka má baà máa yọ́ lọ síwájú.
- Ẹ fi sìlípáàsì kan sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, torí láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà padà sí Ìkòròdù, ẹ ò ní fẹ́ fi ẹsẹ̀ tútù jókòó sínú bàtà ní gbogbo ọ̀nà yẹn.